Ohùn Ìkẹ́rẹ́ Létí Ayé: Níyì Ọ̀ṣúndáre àti Ìyìn tí Kò Tíì Dé Ilé Tán

Ọ̀rọ̀ akéwì tí àwọn ará òkèèrè gbóríyìn fún kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè fi kíka orúkọ ẹ̀bùn àti ọdún tí wọ́n fún un parí, nítorí pé bí ẹ̀bùn bá ti ń wọlé ni ìbéèrè méjì ń tẹ̀lé e: èkíní ni pé kí ni àwọn adájọ́ gbọ́ nínú ewì náà tí wọ́n fi yìn ín, èkejì sì ni pé ta ni ó wà nílé tí ó lè gbọ́ ohun kan náà láìjẹ́ pé ó gba ọ̀dọ̀ èdè mìíràn kọjá. Nínú àwọn akéwì ilẹ̀ Yorùbá tí ó ti gba irú ìyìn bẹ́ẹ̀, Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ni ìbéèrè méjèèjì yìí bá mu jù, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kọ ewì tí gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá, ìyẹn ni àkójọ oríkì, orin, ọfọ̀, àlọ́, òwe àti ìjálá tí àwọn baba ńlá Yorùbá ń fi ẹnu kọ́ ara wọn láti ìran dé ìran kí ìwé kíkọ tó dé. Èrò tí àròkọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ohun tí ayé yìn nínú iṣẹ́ Ọ̀ṣúndáre jẹ́ ohun tí ó wọ́pọ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, títí kan Ìrèsì àti àwọn ìlú Ìgbómìnà yòókù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àti pé ìyìn náà kò lè dé ilé tán àfi bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ bá lè ka ewì náà sókè ní èdè tí òbí rẹ̀ fi ń bá a sọ̀rọ̀.

Ọdún 1947 ni wọ́n bí Ọ̀ṣúndáre. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ó mọ ìlù lù, ó sì mọ orin kọ. Ahunṣọ ni ìyá rẹ̀. Ìlú tí wọ́n bí i sí wà láàárín àwọn àpáta ńláńlá, èyí tí Olósunta àti Orólẹ̀ jẹ́ olórí wọn, tí àwọn ará ìlú sì ń bọ Olósunta lọ́dọọdún, nítorí náà òkúta kì í ṣe òkúta lásán lójú ẹni tí ó dàgbà níbẹ̀. Ó jẹ́ ẹni tí wọ́n ń kí, tí wọ́n ń sà ní oríkì, tí wọ́n sì ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ará Ìrèsì kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ tí ó ti Ìgbájọ gba agbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Bólúwadúró, níbi tí Ìrèsì àti Ọ̀tan Ayégbajú wà, lọ sí ìhà Èkìtì, òun náà sì ni ilẹ̀ tí ogun Kírìjì ti jà láàárín 1877 sí 1893, nígbà tí Ìbàdàn pàgọ́ sí Ìgbájọ, tí Èkìtìparapọ̀, nínú èyí tí Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìgbómìnà ti jọ dìmọ̀lù, sì pàgọ́ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn ènìyàn tí wọ́n jọ fi òkè ṣe odi nígbà ogun kò ní ṣàì lóye akéwì tí ó fi òkè ṣe alábàárọ̀.

Ọ̀ṣúndáre kàwé ní Christ's School ní Adó-Èkìtì, ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó gba oyè kejì ní Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1974, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì York ní Toronto, ní Kánádà, ní 1979. Ẹ̀kọ́ ìṣọwọ́lo-èdè, èyí tí ó ń wádìí bí òǹkọ̀wé ṣe ń ṣa ọ̀rọ̀, bí ó ṣe ń tò wọ́n àti ohun tí ètò náà ń ṣe sí ọkàn òǹkàwé, ni ó gbájú mọ́, ó sì padà sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ẹni tí ó bá ti ka ewì rẹ̀ dáadáa yóò rí i pé ẹ̀kọ́ yìí kò sọ ọ́ di ẹni tí ń kọ ewì líle. Ohun tí ó fún un ni etí tí ń gbọ́ bí ìró ọ̀rọ̀ kan ṣe ń pe ìró òmíràn, ìyẹn sì ni ohun tí bàbá rẹ̀ ti ń fi ìlù ṣe kí ó tó lọ sí ilé-ìwé.

Láti mọ ìdí tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Songs of the Marketplace, tí New Horn Press tẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1983, fi yàtọ̀, ó yẹ kí ènìyàn rántí irú ewì Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbilẹ̀ ní Nàìjíríà ṣáájú rẹ̀. Ewì Christopher Okigbo àti ti Wọlé Ṣóyínká ní àwọn ọdún 1960 jinlẹ̀, wọ́n sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn le débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pàápàá ní láti wá alálàyé. Ìran Ọ̀ṣúndáre, tí Odia Ofeimun, Tanure Ojaide, Fúnṣọ́ Aiyéjìnà àti Fẹ́mi Fátọ́bá wà nínú rẹ̀, fẹ́ kí ewì padà sí ojú ọjà, kí ó sọ̀rọ̀ nípa owó oṣù, òjò tí kò rọ̀, ọ̀gá tí ń jẹ owó ìlú àti àgbẹ̀ tí kò rí ẹni ra èso oko rẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ ní ọ̀nà tí ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ yóò fi lè tẹ̀lé e. Àwọn kan ti fi ojú yẹpẹrẹ wo ìrọ̀rùn yìí, bí ẹni pé ohun tí ó bá rọrùn láti gbọ́ rọrùn láti kọ. Ìdájọ́ yìí kò tọ̀nà. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti kọ ìlà ewì tí yóò dùn létí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bá kà á, tí kò sì ní ṣá nígbà tí wọ́n bá kà á lẹ́ẹ̀kẹwàá, mọ̀ pé iṣẹ́ náà ju kíkó orúkọ òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì jọ lọ. Àléébù tòótọ́ tí ó wà nínú ètò náà wà níbòmíràn: wọn kì í fi èdè tí wọ́n fi kọ ewì náà nájà ní ọjà tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọdún 1986 ni ìyìn òkèèrè kọ́kọ́ dé ní gbangba. Ní ọdún náà ni The Eye of the Earth jáde láti ilé-iṣẹ́ Heinemann ní Ìbàdàn, tí ó gba ẹ̀bùn ewì Ẹgbẹ́ Àwọn Òǹkọ̀wé Nàìjíríà, tí ó sì wà lára àwọn tí ó jọ gba Ẹ̀bùn Ewì Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹ̀bùn tí wọ́n ń fi dá àwọn akéwì láti àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ wọn ti wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí lọ́lá nígbà náà. Ọdún kan náà ni Ṣóyínká gba Ẹ̀bùn Nobel, èyí tí ó mú kí ariwo ti Ọ̀ṣúndáre kéré nílé, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ewì jẹ lógún, àwọn iṣẹ́lẹ̀ méjèèjì ni ó fi hàn pé ilẹ̀ Yorùbá ti di ibi tí ayé ń tẹ́tí sí.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ìwé yìí, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ wà. Ọ̀rọ̀ igbó, àpáta, òjò àti ìkórè ni ó kún inú rẹ̀, akéwì sì padà sí ilẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀ láti kí wọn níkọ̀ọ̀kan. Nínú ewì tí ó kọ fún àwọn àpáta Ìkẹ́rẹ́, òkúta dìde, ó sọ̀rọ̀, ó sì bi ẹni tí ó padà wálé ní ìbéèrè. Òǹkàwé tí kò mọ àṣà lè rò pé àfiwé lásán ni èyí, pé akéwì kàn fi ìwà ènìyàn fún ohun tí kì í ṣe ènìyàn ni, ṣùgbọ́n ìlànà oríkì ni ó ń lò. Oríkì ni àwọn gbólóhùn ìyìn àti ìtàn tí ó so mọ́ orúkọ ènìyàn, ìdílé, ìlú, ẹranko tàbí òrìṣà, tí ẹni tí ń sà á fi ń bá ohun tí ó ń kì sọ̀rọ̀ ní tààrà, kì í ṣe pé ó ń ròyìn rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, nígbà tí Ọ̀ṣúndáre dojú kọ Olósunta, kì í ṣe àwòrán àpáta ni ó ń yà fún ará Lọ́ńdọ̀nù. Àpáta náà ni ó ń kí, ará Lọ́ńdọ̀nù kàn wà nítòsí tí ó ń gbọ́ ni. Agbára tí àwọn adájọ́ òkèèrè rí nínú ewì náà, tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní orúkọ fún, ni agbára kíkì.

Ohun kejì tí ó hàn nínú ìwé náà ni ìlù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ewì kan, akéwì fi ìtọ́ni sílẹ̀ nípa irú ìlù tàbí irú orin tí ó yẹ kí ó máa lọ lábẹ́ ohùn ẹni tí ń kà á, ó sì fi orin Yorùbá sí àárín ewì mìíràn, pẹ̀lú lílé àti ègbè. Lílé ni apá tí olórin nìkan ń dá, ègbè sì ni èyí tí àwọn tí ó yí i ká fi ń dá a lóhùn. Ìlànà yìí sọ ìwé di ohun tí kò parí lórí tábìlì: àfi kí ènìyàn kà á síta, àfi kí àwọn mìíràn dáhùn, kí ó tó pé. Àwítúnwí, ìyẹn ni títún gbólóhùn kan sọ pẹ̀lú ìyípadà díẹ̀ kí ìtumọ̀ rẹ̀ lè máa jinlẹ̀ sí i, àti ọ̀rọ̀ afìrósọtumọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ìró rẹ̀ fara jọ ohun tí ó ń sọ, wà káàkiri nínú rẹ̀. Ọ̀ṣúndáre kò fi èyí pa mọ́. Ó ti kọ àròkọ kan lórí bí èrò Yorùbá ṣe ń gba inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọjá, nínú èyí tí ó ti ṣàlàyé pé ẹni tí ń kọ̀wé láàárín èdè méjì ń rìnrìn-àjò tí ó le, tí ó sì lérè.

Ẹ̀bùn Noma tí ó gba ní 1991 fún Waiting Laughters tún ṣe pàtàkì ju ti Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì lọ ní ọ̀nà kan tí àwọn tí ń sọ ìtàn rẹ̀ kì í sábà tẹnu mọ́. Shoichi Noma, olórí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Kodansha ní Japan, ni ó dá ẹ̀bùn náà sílẹ̀ ní 1979. Ní 1980 ni wọ́n kọ́kọ́ fún ènìyàn, Mariama Bâ ará Senegal ni ó sì gbà á. Ẹ̀bùn náà dópin ní 2009. Òfin rẹ̀ tí ó yàtọ̀ ni pé ìwé tí yóò gbà á gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọ Áfíríkà kọ, tí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí ó wà ní Áfíríkà sì tẹ̀ jáde, òfin náà sì fàyè gba ìwé tí wọ́n kọ ní èdè Áfíríkà pẹ̀lú. Malthouse Press ní Èkó ni ó tẹ Waiting Laughters ní 1990, ewì gígùn kan tí ọ̀pọ̀ ohùn ń sọ nípa ìdúró: àgbẹ̀ ń dúró de òjò, ará ìlú ń dúró de òmìnira, ẹlẹ́wọ̀n ń dúró de ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yóò ṣí.

Bí ènìyàn bá tò wọ́n jọ, yóò rí i pé gbogbo ìwé tí ó sọ Ọ̀ṣúndáre di ẹni tí ayé mọ̀ ni ó jáde láti Ìbàdàn tàbí Èkó: Village Voices láti ọ̀dọ̀ Evans ní 1984, Moonsongs láti ọ̀dọ̀ Spectrum ní 1988, àti àwọn tí a ti dárúkọ ṣáájú. Kò kọ́kọ́ lọ wá ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York kí ó tó di ẹni iyì. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kí ó wọ àwọn ọ̀dọ́ akéwì òde òní létí, tí púpọ̀ nínú wọn gbà pé àfi kí ìwé àwọn jáde ní Amẹ́ríkà kí ó tó lè ní láárí. Ní àwọn ọdún 1980, Ìbàdàn ní àwọn olóòtú tí ó mọ ewì, ó ní àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó ní yunifásítì tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń ka iṣẹ́ ara wọn tí wọ́n sì ń bá ara wọn jiyàn. Inú ètò yẹn ni ìwé ti gbó kí àwọn adájọ́ òkèèrè tó ṣí i. Ọ̀pọ̀ nínú ètò náà ti rẹ̀yìn nísinsìnyí, pípàdánù rẹ̀ sì burú ju kí ẹ̀bùn kankan má wọlé lọ.

Ní 1985 ni Ọ̀ṣúndáre bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ewì ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Sunday Tribune ní Ìbàdàn, tí apá kan wọn sì di ìwé Songs of the Season ní 1990. Ẹni tí kò ní owó ra ìwé ewì lè ra ìwé ìròyìn, ẹni tí kò sì ní owó ìwé ìròyìn lè dúró níwájú ẹni tí ń tà á kí ó kà á. Ewì wọ̀nyí ń sọ ohun tí ìjọba ológun ń ṣe, àwọn agbófinró sì ń wá bá a láti bi í ta ni ó ń bá wí. Láti inú irú iṣẹ́ yìí ni ewì rẹ̀ tí ó tíì rìn jìnnà jù ti wá, Not My Business, tí ó sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin kan tí ó ń jẹ iṣu rẹ̀ tí kò sì bìkítà bí wọ́n ṣe ń wá gbé àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ọkọ̀ àwọn ológun fi dúró níwájú ilé tirẹ̀. Àjọ AQA tí ń ṣètò ìdánwò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ewì náà sínú ìwé àkójọ ewì tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama kà fún ìdánwò GCSE nígbà kan rí, ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò mọ ibi tí Ìkẹ́rẹ́ wà sì ti kọ àlàyé lórí iṣu náà nínú yàrá ìdánwò. Nínú gbogbo ìyìn tí ó ti gbà, èyí ni ó tóbi jù ní ojú ẹni tí ń kọ́ni ní ewì, nítorí pé àwọn adájọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń fún ni ní ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n odindi ìran àwọn ọmọdé kan ni ó ka ewì yìí. Ìbànújẹ́ ibẹ̀ ni pé ọmọ tí ó wà ní Ìrèsì, tí bàbá rẹ̀ ń kọ ebè, lè parí ilé-ẹ̀kọ́ girama láìgbọ́ ewì náà rí ní èdè tí wọ́n fi ń pe iṣu ní iṣu.

Àwọn ẹ̀bùn yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ní 1998 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ Áfíríkà ní Amẹ́ríkà fún un ní ẹ̀bùn Fonlon-Nichols, tí wọ́n ń fún òǹkọ̀wé tí iṣẹ́ rẹ̀ dára tí ó sì ń gbèjà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ní 2008 ni ó gba ẹ̀bùn Tchicaya U Tam'si fún ewì Áfíríkà, tí wọ́n ń fúnni ní ìlú Asilah ní Morocco. Ní 2014 ni ìjọba Nàìjíríà fún un ní oyè ẹ̀yẹ ìmọ̀ tí ó ga jù ní orílẹ̀-èdè yìí. Ó ti lọ sí Yunifásítì New Orleans láti 1997. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, omi lé òun àti ìyàwó rẹ̀ sókè àjà ilé, wọ́n sì wà níbẹ̀ fún wákàtí 26 kí aládùúgbò kan tó wá yọ wọ́n. Ìwé àti iṣẹ́ àfọwọ́kọ rẹ̀ bá omi lọ. Ìwé City Without People ní 2011 ni èso àjálù náà, Green ní 2021 sì padà sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti igbó tí ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti 1986, kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó máa sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́ tí ń yí padà.

Ọ̀nà kan tí ó dára láti fi wo ọ̀rọ̀ yìí ni kí ènìyàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti akéwì ilẹ̀ Íńdíà, Rabindranath Tagore, tí wọ́n bí ní Calcutta ní 1861. Èdè Bengali ni Tagore fi ń kọ̀wé. Ní 1910 ni ó tẹ ìwé ewì tí ó pè ní Gitanjali jáde ní èdè náà. Ní 1912 ni ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ ṣe láti inú ìwé yẹn àti àwọn ìwé rẹ̀ mìíràn. Ayàwòrán kan tí ń jẹ́ William Rothenstein fi iṣẹ́ náà han W. B. Yeats, akéwì ará Ireland, Yeats kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i, ìwé náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún náà, nígbà tí ó sì di 1913, Tagore gba Ẹ̀bùn Nobel, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ará Yúróòpù tí ó gba ti lítíréṣọ̀. Ìtumọ̀ tí wọ́n fi yìn ín kò ní ìwọ̀n ìlà, kò ní orin, kò ní ìbáramu ìró tí ewì Bengali náà ní. Ọ̀rọ̀ geere ni ó jẹ́. Síbẹ̀, kò sí ohun tí ará ilé pàdánù, nítorí pé orin náà wà lẹ́nu wọn kí ayé tó gbọ́, ó sì wà lẹ́nu wọn títí di òní: ọ̀rọ̀ Tagore ni Íńdíà àti Bangladesh fi ń kọ orin orílẹ̀-èdè wọn.

Ti Ọ̀ṣúndáre yí ètò yìí padà sẹ́yìn. Ayé ni ó ní ojúlówó iṣẹ́ lọ́wọ́, ilé ni ó ń retí ìtumọ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá akéwì lẹ́bi lórí èyí. Ilé-ìwé tí ó lọ, iṣẹ́ tí ó ń ṣe, àti orílẹ̀-èdè tí èdè rẹ̀ pọ̀ tí ó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ni ó darí rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, bí ó sì ti fi òótọ́ inú gbé ohùn Yorùbá wọ inú èdè náà, díẹ̀ ni ó ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí akéwì bá ti ṣe tirẹ̀, ó ku ti àwọn tí ó wà nílé.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé ayé kò ní gbọ́ ewì tí wọ́n bá sọ ní Yorùbá ti gbàgbé Dúró Ládípọ̀. Ní Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Ìrèsì, ni Ládípọ̀ ti dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì ṣí gbọ̀ngàn Mbari Mbayo ní 1962. Eré rẹ̀, Ọba Kò So, tí ó kún fún oríkì, ọfọ̀ àti ìlù bàtá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lọ sí àjọ̀dún eré ní Berlin ní 1964, ó sì dé àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é níbẹ̀. Àwọn òǹwòran tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ gbọ́ ìlù, wọ́n rí ìṣe, wọ́n sì gbọ́ ohùn tí ń ga tí ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ohun tí ó fà á tí irú ìyìn yìí kò fi tẹ̀síwájú dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kọ ewì Yorùbá sínú ìwé ni pé orí ìtàgé ni ó ti wá. Ewì inú ìwé kò ní onílù tí yóò bá a rìn, àwọn adájọ́ ẹ̀bùn àgbáyé kì í sì í sábà ka èdè tí wọn kò gbọ́. Ìdí nìyí tí Adébáyọ̀ Fálétí, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó mọ ewì àpilẹ̀kọ Yorùbá kọ jù, ìyẹn ewì tí ènìyàn jókòó fi kálàmù kọ, fi kú ní 2017 láìsí ẹ̀bùn òkèèrè kan tí ó tó ìwọ̀n iṣẹ́ rẹ̀, tí Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ náà fi jẹ́ ẹni tí gbogbo ilé Yorùbá mọ ohùn rẹ̀ ṣùgbọ́n tí àwọn aṣàyẹ̀wò lítíréṣọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ̀. Ẹni tí ó ka ewì àwọn méjèèjì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ọ̀ṣúndáre kò lè sọ tọkàntọkàn pé èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ kọ́ ni ó ya àyànmọ́ wọn sọ́tọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú àwọn akéwì alohùn tí wọn kò kọ ìwé rárá. Ní Òkukù, tí òun náà wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọ̀nà tí ó lọ sí ilẹ̀ Ìgbómìnà, ni Karin Barber, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ Yorùbá dé ojú àmì, ti jókòó ti àwọn obìnrin tí ń sà oríkì ní àwọn ọdún 1970. Ìwé tí ó kọ nípa wọn ní 1991 ti di ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà ní yunifásítì káàkiri ayé. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì fi ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ fún àwọn obìnrin náà, ṣùgbọ́n ó fi hàn pẹ̀lú pé àfi kí àjèjì kan wá kí wọ́n tó di ẹni tí ayé gbọ́. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní Ìrèsì, àti ní àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, àwọn eléégún ń pe ẹ̀sà, èyí tí í ṣe ewì alohùn tí àwọn ọ̀jẹ̀, ìyẹn àwọn tí ó wà nínú awo eégún, fi ń kí àwọn baba ńlá àti ìdílé. Àwọn ìyàwó ń sun ẹkún ìyàwó, tí wọ́n fi ń dágbére fún ilé òbí. Ọmọdé ń gbọ́ oríkì orílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà. Ohun tí ó sọ àpáta Ìkẹ́rẹ́ di olókìkí ni ó wà lẹ́nu wọn yìí, láìdín láìlé.

Iṣẹ́ tí ó kù ní ọ̀nà méjì. Èkíní ni títúmọ̀ Ọ̀ṣúndáre sí Yorùbá, iṣẹ́ tí ó le ju bí ó ti rí lójú lọ, nítorí pé ẹni tí ó bá rò pé ewì náà yóò kàn padà sílé fúnra rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí èrò rẹ̀ ti jẹ́ Yorùbá yóò já kulẹ̀ ní ojú ìwé kejì. Ọ̀pọ̀ ìlà rẹ̀ dúró lórí eré tí ó ń fi ìró ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe, tí ó fi ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ di ọ̀kan tàbí tí ó fi ń mú kí lẹ́tà kan máa tún ara rẹ̀ pè láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin, irú eré bẹ́ẹ̀ kò sì lè kọjá sí èdè mìíràn. Ohun tí olùtúmọ̀ lè ṣe ni kí ó fi eré ohùn rọ́pò rẹ̀, nítorí pé Yorùbá ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí akéwì lè fi ṣe ara wọn lódì tàbí fi pe ara wọn, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Ibi tí ewì náà ti gba ìlù, Yorùbá yóò fún un ní ìlù tí ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìlù tí ń ró lásán. Ìyẹn ni pé olùtúmọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ akéwì, kí ó mọ ìjálá, kí ó mọ àdúgbò tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá, kí ó sì ní ìgboyà láti pàdánù ohun kan níhìn-ín kí ó lè rí òmíràn gbà lọ́hùn-ún. Ṣóyínká ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní òdì kejì nígbà tí ó túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, àṣeyọrí rẹ̀ sì wá láti inú pé kò túmọ̀ rẹ̀ bí akọ̀wé kóòtù.

Ọ̀nà kejì ni gbígba ohùn àwọn akéwì alohùn tí ó ṣì wà láàyè sílẹ̀, kí wọ́n tó kú pẹ̀lú ohun tí wọ́n mọ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ Yorùbá. Kò sí ibi tí ó yẹ ju ibẹ̀ lọ láti bẹ̀rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó bá ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí lítíréṣọ̀ alohùn lọ sí Ìrèsì, sí Ọ̀tan, sí Ọ̀rà, kí ó gba ohùn àgbà kan sílẹ̀, kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé, kí ó sì fi orúkọ ẹni tí ó pe ẹ̀sà náà sí orí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Kí àwọn olùkọ́ Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà jọ jókòó, kí wọ́n mú ewì Ọ̀ṣúndáre mẹ́wàá péré, kí wọ́n tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ akéwì àti lọ́wọ́ àwọn tí ó tẹ ìwé rẹ̀, kí wọ́n sì túmọ̀ wọn fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Akéwì náà ṣì wà láàyè láti bi léèrè ibi tí ó bá ṣókùnkùn, kí wọ́n má sì jẹ́ kí àkókò yìí kọjá.